Bíréèkì tí ò tètè mú nínú òjò: ìrírí mi àti ohun tí mo rí kọ́

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí, torí òun ló máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù láàárín àwa tá à ń wakọ̀. Tí òjò bá ń rọ̀, tí èèyàn tẹ bíréèkì, tí mọ́tò ò dúró níbi tó yẹ kó dúró, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé bíréèkì já. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́pọ̀ ìgbà bíréèkì ò já rárá, ọ́ìlì ò jò, kò sí páìpù kankan tó bẹ́, gbogbo ẹ̀ ló wà níbi tó yẹ kó wà. Omi ló wà láàárín dísìkì, ìyẹn irin pẹrẹsẹ tó ń bá táyà yí, àti páàdì tó máa ń tẹ̀ mọ́ ọn kí ọkọ̀ lè dúró, omi yẹn sì ni bíréèkì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nù kúrò kó tó lè rí nǹkan dì mú. Àsìkò kékeré tó fi ń nù ún yẹn gan-an ló máa ń fa wàhálà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wakọ̀ ọ̀nà jíjìn, òjò ò sì jẹ́ tuntun sí mi, àmọ́ ọjọ́ kan wà tó jẹ́ pé àtìgbà yẹn ni mo ti ń fojú mìíràn wo bíréèkì. Òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, kì í ṣe èyí tó ń bú ramúramù o, èyí tó rọra ń rọ̀ tí ò dá ni. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ tutù rinrin, tírélà pọ̀ níwájú wa, omi tí táyà wọn ń fọ́n sókè bo gíláàsì débi pé wáípà ò ráyè sinmi. Ọ̀nà yẹn gùn ó sì tẹ́jú, kò sí nǹkan kan tó ń béèrè bíréèkì lọ́wọ́ mi, iná ni mo kàn ń tẹ̀ tí mo tún ń yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo sì fi àyè tó pọ̀ sílẹ̀ láàárín èmi àti tírélà tó wà níwájú mi torí mo mọ̀ pé ojú ọ̀nà ò gbẹ. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí ẹsẹ̀ mi ti kan bíréèkì gbẹ̀yìn. Àfi bí iná ẹ̀yìn tírélà yẹn ṣe pọ́n lójijì, ó ń dúró, mo bá gbé ẹsẹ̀ sórí bíréèkì, mo tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́.

Mọ́tò ò dáhùn. Pẹ́dà le lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kò wọlẹ̀, kò rọ̀, kò gbọ̀n, gbogbo bó ṣe máa ń rí lẹ́sẹ̀ náà ló ṣe rí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń bá tiẹ̀ lọ. Mo fi agbára kún un, ìgbà yẹn ló wá mú lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì mú gan-an, imú ọkọ̀ rì sílẹ̀, bẹ́líìtì gbá mi láyà mú, ABS, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dúró gbagidi téèyàn bá tẹ bíréèkì, bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n gìrìgìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, báàgì tó wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn fò bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi figbe ta pé, "Bíréèkì ti já o!" Mo ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ó mú, ó kàn pẹ́ kó tó mú ni." Àyè tó wà láàárín àwa àti tírélà ló kó wa yọ, Ọlọ́run ló ṣe é. Ká ní mo ti sún mọ́ ọn bí àwọn kan ṣe máa ń sún mọ́ ọn ni, abẹ́ ẹ̀ là bá wọ̀.

Nígbà tí mo rí ibi tó dáa yà sí, mo bọ́ọ̀lẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ́ìlì bíréèkì wà ní ìwọ̀n ẹ̀, mo wo ẹ̀yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò síbi tó jò. Mo na ọwọ́ sún mọ́ rímù iwájú, ó tutù, kò móoru rárá, omi ń ṣàn lójú dísìkì. Àwa tá a mọ bí bíréèkì ṣe máa ń gbóná tó lẹ́yìn téèyàn bá lò ó mọ ohun tí ìyẹn ń sọ: bíréèkì yẹn ò tíì ṣe iṣẹ́ tó pọ̀. Bá a ṣe ń bá ìrìn wa lọ mo wá ń ṣọ́ ọ. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ tán tí mo tún tẹ̀ ẹ́ láìpẹ́, á mú wẹ́kú. Tí mo bá sì wá rìn jìnnà nínú òjò yẹn láìfẹsẹ̀ kàn án rárá, tí mo wo dígí ẹ̀yìn pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀, tí mo wá rọra tẹ̀ ẹ́, màá mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ kedere pé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ṣófo, ó dà bíi pé nǹkan kan ń yọ̀ níbẹ̀, kó tó wá di pé ó mú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ léraléra, kì í ṣe èèṣì.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ò ṣòro láti yé èèyàn. Páàdì ò jìnnà sí dísìkì, àyè tó wà láàárín wọn ò tó mìlímítà 1, ó kéré sí i dáadáa. Dísìkì sì rèé, gbangba ló wà, kò sí nǹkan tó bò ó pátápátá, omi tí táyà tiwa ń ta àtèyí tí tàwọn tó wà níwájú ń fọ́n, gbogbo ẹ̀ ló ń dé ibẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, táyà ọkọ̀ kékeré ń yí nǹkan bí ìgbà 14 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Yíyí yẹn ń gbọn omi dànù lóòótọ́ àmọ́ òmíràn ń dé bó ṣe ń gbọn ti àkọ́kọ́, torí náà fẹ́ẹ́rẹ́ kan máa ń ṣẹ́ kù lójú irin yẹn ṣáá. Híha tí páàdì ń ha dísìkì ló ń dá mọ́tò dúró, kò sí nǹkan mìíràn, tí omi bá sì ti wà láàárín àwọn méjèèjì, wọn ò tíì fara kanra dáadáa. Páàdì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fún omi yẹn jáde, kí ibẹ̀ móoru díẹ̀, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tútù tí páàdì náà tutù tún dá kún un.

Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Ẹni tó ń sáré 100 yẹn ń rin nǹkan bíi mítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí bíréèkì bá fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá péré pẹ́ kó tó mú, mítà 14 ti lọ, ìyẹn tó gígùn ọkọ̀ kékeré mẹ́ta tí wọ́n tò tẹ̀ léra, kí ọkọ̀ tó mọ̀ pé a ní kó dúró. A ò tíì ka àkókò tí ojú fi ríran tí ẹsẹ̀ fi kúrò lórí iná, a ò sì tíì ka bí ojú ọ̀nà tó tutù ṣe máa ń fa ìdúró gùn. Ìwé òfin ojú pópó tí wọ́n ń lò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kí àyè tó wà láàárín ọkọ̀ méjì tó ìṣẹ́jú àáyá 2 tí ilẹ̀ bá gbẹ, kó sì di ìlọ́po méjì ó kéré tán tí ilẹ̀ bá tutù. Èmi ò ka 4 yẹn sí àṣejù mọ́ rárá. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n ni kẹ́ ẹ wo nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, òpó iná tàbí igi, tí ọkọ̀ iwájú bá ti kọjá ẹ̀ kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, ẹ má dé ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó kà á tán.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ bó ṣe mú lójijì yẹn ni pé ẹ̀rù ẹ̀ bà mí ju àìmú ẹ̀ lọ. Tí bíréèkì ò bá dáhùn, kò sí èèyàn tí ò ní fi agbára kún un, ara ló máa ń ṣe é fúnra ẹ̀. Páàdì á wá nu omi tán nígbà tí ẹsẹ̀ wà lórí ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára, ohun tí a ò béèrè á wá dé lẹ́ẹ̀kan náà, lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀. Ọkọ̀ tó ní ABS á gbìyànjú kí táyà má bàa dúró gbagidi, èyí tí ò ní i lè fẹ̀gbẹ́ lọ, ẹni tó ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn sì lè kọlù ú. Àwọn tó ń ṣòfin fún alùpùpù mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Nínú òfin àgbáyé tí wọ́n fi ń dán bíréèkì alùpùpù wò, wọ́n máa ń bu omi sí bíréèkì lára, wọ́n á wá wò ó láàárín ìdajì ìṣẹ́jú àáyá sí ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, agbára tó fi ń dá alùpùpù dúró gbọ́dọ̀ tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ti ìgbà tó gbẹ, kò sì gbọdọ̀ wá fò kọjá 120. Wọ́n fi ààlà sísàlẹ̀, wọ́n tún fi sókè. Èmi tí mo ti rí méjèèjì láàárín ìgbà tí ojú fi ṣẹ́, mo mọ ìdí ẹ̀.

Alùpùpù ló tiẹ̀ kọ́kọ́ jìyà ọ̀rọ̀ yìí jù. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, ọ̀pọ̀ alùpùpù tó ń jáde láti Japan ló ní dísìkì irin tí kì í dípẹtà, ó dáa lójú, àmọ́ tí òjò bá rọ̀ páàdì ìgbà náà ò rí i dì mú, ẹni tó gùn ún á tẹ bíréèkì á sì máa retí. Ìyẹn wà lára nǹkan tó jẹ́ kí wọ́n máa lu ihò sí dísìkì lára kí omi lè rí ibi gbà, tí wọ́n sì wá ṣe páàdì tí wọ́n fi ìyẹ̀fun irin sè pọ̀, èyí tó ń mú dáadáa nínú omi. Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ onírímù irin nínú òjò náà á ti mọ̀ pé èèyàn máa ń fún bíréèkì mọ́wọ́ títí tí rímù á fi yí bí ìgbà mélòó kan kó tó gbọ́.

Ohun tí mo wá ń ṣe báyìí, mo máa ń pè é ní jíjí bíréèkì. Tí òjò bá ń rọ̀ tí mo wà lójú ọ̀nà tó gùn tí kò sí ohun tó ń mú mi tẹ bíréèkì, màá máa wo dígí ẹ̀yìn, tí mo bá rí i pé kò sẹ́ni tó sún mọ́ mi, màá gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì fẹ́ẹ́, kì í ṣe kí ọkọ̀ dúró o, kí páàdì ṣáà ti fara kan dísìkì kó nù ún, bí ìṣẹ́jú àáyá méjì mẹ́ta, ó tó. Ẹsẹ̀ á sọ fún yín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ẹ ò ní mọ nǹkan kan, tó bá yá ẹ máa mọ̀ pé ọkọ̀ ti ń fà sẹ́yìn díẹ̀, ìgbà yẹn ló ti jí, ẹ yọ ẹsẹ̀. Mi ò kì í ṣe é lójú kọ́nà, mi ò kì í ṣe é níbi tí omi ti dárogún lójú ọ̀nà, mi ò sì kì í gbé ẹsẹ̀ lé e pẹ́, torí iná ẹ̀yìn mi ń tàn, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rò pé mò ń dúró. Kò sí ìwọ̀n kan pàtó tí mo ń ṣọ́, àmọ́ mi ò kì í jẹ́ kó pẹ́ jù, pàápàá tí mo bá wà lẹ́yìn tírélà tó ń fọ́n omi. Tí mo bá mọ̀ pé iwájú níbẹ̀ ọkọ̀ máa ń tò, tàbí pé ọ̀nà fẹ́ dagẹ̀rẹ̀, tàbí pé mo fẹ́ yà kúrò lójú ọ̀nà márosẹ̀, mo máa jí i kí n tó débẹ̀. Kúrúùsì tó máa ń di sípíìdì mú fúnra ẹ̀, mo máa ń pa á tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, torí ó máa ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ jìnnà sí gbogbo nǹkan.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ nípa ẹ̀. BMW, Mercedes-Benz àti Audi ti fi sínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn pé tí wáípà bá ti ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ á máa sún páàdì kan dísìkì fẹ́ẹ́rẹ́ lóòrèkóòrè kó lè nù ún, dẹ́rẹ́bà ò tiẹ̀ ní mọ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n rí i pé ó tó nǹkan tí wọ́n ń ní kí kọ̀ǹpútà ṣe, ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ ò ní irú ẹ̀ náà ní láti fẹsẹ̀ ara ẹ̀ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ inú àgbàrá yàtọ̀ díẹ̀. Tí ọkọ̀ bá gba inú omi tó dé ìdajì táyà kọjá, kì í ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ omi mọ́, gbogbo bíréèkì ló ti rì sínú ẹ̀. Dísìkì á tètè gbọn tiẹ̀ dànù. Dúrọ́ọ̀mù ló burú, èyí tó ṣì wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré àti ọkọ̀ akẹ́rù, torí ó dé bíi ìkòkò, omi tó bá ráyè wọnú ẹ̀ kì í tètè rí ọ̀nà jáde, bíréèkì ṣúù, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ páàdì nínú ẹ̀, á sì mu ún yó. Tí mo bá jáde nínú irú omi bẹ́ẹ̀, mi ò kì í sáré. Jíà kékeré ni mo máa ń fi sí, màá rọra máa lọ, màá tẹ bíréèkì díẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń lọ, màá yọ ọ́, màá tún tẹ̀ ẹ́, títí màá fi mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ pé ó ti ń mú bó ṣe ń mú tẹ́lẹ̀. Nǹkan kan tí mo kíyè sí níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló máa ń gbẹ pọ̀. Ìgbà kan mo jáde nínú omi, mo tẹ bíréèkì, sítíárìn fà sọ́wọ́ ọ̀tún gidi, mo fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú kó tó lọ tààrà. Ọ̀tún ti gbẹ, òsì ò tíì gbẹ, ọ̀tún nìkan ló ń mú. Tí n bá wà lórí sípíìdì ni, ibòmíràn là bá bá ara wa. Lẹ́yìn tí mo tẹ̀ ẹ́ bí ìgbà mélòó kan sí i, ó lọ tààrà padà. Omi tó bá sì ń ṣàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ dán an wò. Sẹ̀ǹtímítà 30 omi tó ń ṣàn lágbára ti tó láti gbé ọkọ̀ kékeré lọ, tó bá di 60 ó lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá náà, ìyẹn ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bíréèkì mọ́.

Tí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì ló ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì. Ìrànlọ́wọ́ yẹn á ṣì kù fún ìtẹ̀ kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà pẹ́dà á le gbagidi. Bíréèkì ṣì wà o, ẹ kàn máa fi gbogbo agbára ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ n padà sórí ọkọ̀ tèmi. Nígbà tí mo gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n yọ táyà iwájú ọ̀tún, mo rí nǹkan tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń wà lẹ́yìn dísìkì, ó rí róbótó, òun ló ń dáàbò bo inú lọ́hùn-ún kí omi àti ẹrẹ̀ má bàa máa ta sí i. Ti òsì wà níbẹ̀. Ti ọ̀tún ò sí, ojú ihò bóòtù ẹ̀ nìkan ló kù, ó ti dípẹtà. Ẹnì kan tó tún ọkọ̀ yẹn ṣe kó tó kàn mí ti yọ ọ́ dànù. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn ìgbà náà pé ó wọ́pọ̀: tí páànù yẹn bá tẹ̀ díẹ̀ á máa ha dísìkì, á máa pariwo, dípò kí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ padà, wọ́n á ní kò wúlò, wọ́n á yọ ọ́. Ó wúlò. Ó dùn mí pé èèyàn lè yọ nǹkan tí wọ́n fi dáàbò bo bíréèkì kó sì dé táyà pa dà láìsọ fún ẹni tó ni ọkọ̀. Mo ní kí wọ́n wá òmíràn sí i. Nígbà tí òjò tún rọ̀ mo tún dán an wò bíi ti tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ wà, kò tán pátápátá o, torí kò sí dísìkì tí omi ò ní kàn, àmọ́ òfìfo yẹn dín kù gan-an.

Páàdì náà ní tiẹ̀. Páàdì tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tàbí tí ojú ẹ̀ ti le tó ń dán torí pé ó ti gbóná kọjá ààlà rí, tàbí tí gíríìsì ti kàn, èèyàn lè máa lò ó lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kó má mọ̀ pé nǹkan ṣe é. Òjò ló máa tú àṣírí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ páàdì, ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún àti ti òsì pọ̀, kó jẹ́ irú kan náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi oríṣi kan sápá kan kí wọ́n fi òmíràn sí èkejì torí pé ọ̀kan ṣì dáa.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo ọkọ̀ tí ò dúró nínú òjò, omi ojú dísìkì ló fà á. Táyà ńkọ́? Bíréèkì lè mú dáadáa kí táyà má rí ilẹ̀ dì mú. Ìyẹn, ABS á máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ má yọ ẹsẹ̀, ẹ má sì máa tẹ̀ ẹ́ ní tẹ̀-kí-o-yọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ sì máa wa sítíárìn lọ síbi tí àyè wà. Tó bá sì jẹ́ pé sítíárìn ló fúyẹ́ lọ́wọ́ yín lójijì kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan kan, omi ti gbé táyà kúrò nílẹ̀ nìyẹn, ẹ rọra yọ ẹsẹ̀ lórí iná, ẹ di sítíárìn mú tààrà, ẹ má já bíréèkì gbà. Táyà tuntun máa ń ní ojú tó jìn tó nǹkan bíi mìlímítà 8, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fòfin sí i pé kò gbọdọ̀ dín sí 1.6, àmọ́ kò tiẹ̀ yẹ kéèyàn dúró dé 1.6 yẹn kó tó pààrọ̀ ẹ̀ tó bá jẹ́ pé ibi tí òjò ti ń rọ̀ ló ń gbà. Òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti gbẹ pẹ́ náà burú, torí ọ́ìlì àti eruku tó ti wà lójú ọ̀nà á pò mọ́ omi.

Ọ̀tọ̀ tún ni omi tó wọnú ọ́ìlì bíréèkì. Ọ́ìlì yẹn máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́, díẹ̀díẹ̀ ni, òjò ì báà rọ̀ kó má rọ̀. DOT 3 àti DOT 4 ni oríṣi ọ́ìlì bíréèkì tó wọ́pọ̀. DOT 3 tó jẹ́ tuntun ò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205 dígírì Celsius, àmọ́ tí omi inú ẹ̀ bá ti tó nǹkan bí ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ ti já wá sí 140. DOT 4 bẹ̀rẹ̀ láti 230, ó máa ń já sí 155. Tẹ́ ẹ bá wá ń bọ̀ lórí òkè gíga tẹ́ ẹ ń tẹ bíréèkì wálẹ̀ ṣáá, ooru á dé ibẹ̀, á hó, á di ooru omi nínú páìpù, pẹ́dà á wá rọ̀ á sì wọlẹ̀ lọ. Ẹ rí i pé òdìkejì tèmi nìyẹn: tèmi le, kò sì mú, èyí rọ̀, ó ń wọlẹ̀. Èyí gan-an lèèyàn lè pè ní bíréèkì já. Mo máa ń pààrọ̀ tèmi lọ́dún méjì méjì, bóyá ó ṣì mọ́ lójú tàbí kò mọ́.

Tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú tí ọkọ̀ wà níta, ẹ lè rí ìpẹtà pupa lójú dísìkì láàárọ̀, tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ tẹ bíréèkì á ha, á pariwo, á tiẹ̀ lè mú ju bó ṣe yẹ lọ. Ìtẹ̀ mélòó kan á nù ún tán. Kì í ṣe àìsàn. Èmi máa ń jí bíréèkì nígbà tí mo bá kù díẹ̀ kí n délé, kí dísìkì lè gbẹ kí n tó pa ọkọ̀, ìpẹtà yẹn máa ń dín kù.

Nǹkan tó wá ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú ni pé tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, bíréèkì á ti gbẹ. Ọ̀gá á gbé e jáde, á tẹ̀ ẹ́, á mú, á ní kò sí nǹkan tó ṣe é, irọ́ kọ́ ló ń pa, kò rí ohun tẹ́ ẹ rí ni. Torí náà ẹ máa kíyè sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nígbà tó ń ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ lè ròyìn ẹ̀ fún un: ṣé pẹ́dà le ni àbí ó rọ̀, ṣé ó gbọ̀n, ó tó ìgbà wo tẹ́ ẹ ti fẹsẹ̀ kan bíréèkì gbẹ̀yìn kó tó ṣe bẹ́ẹ̀, ṣé ìtẹ̀ kejì dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, sítíárìn fà sápá ibo. Ìtẹ̀ kejì yẹn ṣe pàtàkì. Tó bá dáa tí pẹ́dà sì le, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi, ẹ ní kó wo páàdì àti páànù ẹ̀yìn dísìkì. Tí kò bá dáa lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti tẹ̀ ẹ́ tó ìgbà mélòó kan tí ibẹ̀ sì ti gbẹ, tàbí tó ṣì ń fà sápá kan lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òjò tàn yín, kí wọ́n tú kálípà, ìyẹn irin tó gbá páàdì mú, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí pisitìnnì tó ń ti páàdì nínú ọ̀kan ti gán tí kò lè jáde wọlé mọ́. Ẹ lè ní kó fi họ́ọ̀sì wọ́n omi sí dísìkì dáadáa níbẹ̀, kí ẹ̀yin àti òun jọ wà á lọ síbi tí kò sí ọkọ̀ lórí sípíìdì kékeré, kí òun náà fẹsẹ̀ ara ẹ̀ tẹ̀ ẹ́.